Òwú Ẹ̀yìn Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kan Àwòrán

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti gboyè jáde ṣùgbọ́n tí ẹ ṣì máa ń yà kí wa níbí, a kò ní fi epo bọ iyọ̀ lónìí. Àsìkò àpilẹ̀kọ àṣekágbá tún ti dé. Láàárín àwa tí a yan fònẹ́tíìkì àti fonọ́lọ́jì láàyò, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán ohùn lójú ẹsẹ̀ ń pọ̀ sí i: o sọ̀rọ̀ sínú máìkì, ìlà kan á sì máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, bí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń tẹ̀ léra wọn lẹ́nu rẹ. Ohun ayọ̀ ni. Ẹni tó bá ti jókòó sínú kíláàsì tí olùkọ́ ti ń fi ọwọ́ júwe ohùn nínú afẹ́fẹ́ yóò mọ ìdí tí inú wa fi dùn sí i. Ṣùgbọ́n a ti ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí wò, ohun tí a sì rí nínú wọn kò dùn mọ́ wa rárá.

Ètò kan wà tí kíláàsì kan ń fi lé kíláàsì kejì lọ́wọ́ lórí WhatsApp. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Orúkọ oníṣẹ́ kò sí lórí rẹ̀, ọjọ́ kò sí níbẹ̀, àlàyé kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ ni "má fọwọ́ kàn án". Python ni wọ́n fi kọ ọ́, matplotlib ló ń yàwòrán níbẹ̀, Tkinter ló sì ń ṣí fèrèsé. Nínú rẹ̀, apá kan wà tó ń sáré lábẹ́lẹ̀: ó ń gba ohùn láti inú máìkì, ó ń ṣírò bí ohùn náà ṣe ga sí, lẹ́yìn náà ó tún wá ń na ọwọ́ sí àwòrán tó wà nínú fèrèsé láti tún un yà. Nínà ọwọ́ yẹn ni ìjà wa. Òwú tó ń gba ohùn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwòrán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó-ṣe-wù-mí, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Òun ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ètò tí a lè gbára lé àti ètò tó kàn ń ṣoríire.

Òwú ni a pe ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní thread, torí òwú náà ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìyẹn lọ kí ó mú un wá, a ó gbà á. Ètò kan lè ní òwú kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè ní méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé kan náà, tí wọ́n sì ń jẹun nínú àwo kan náà. Ibi àwo kan náà yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ahunṣọ nídìí òfì ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ lè máa ká òwú fún un láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó máa kó o sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, bí kò bá sí i aṣọ kò ní í parí. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ náà kì í na ọwọ́ sáàárín òfì nígbà tí ọ̀gá ń hunṣọ lọ́wọ́. Bó bá nà án, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀gá wà lókè lásìkò náà, kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀gá ń bọ̀ wálẹ̀.

Nínú ètò tó bá ní fèrèsé, òwú àgbà ni ahunṣọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa yípo láìsinmi: ó ń wò ó bóyá ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì, bóyá wọ́n fa fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá ibì kan nínú àwòrán ń fẹ́ àtúnyà. Tkinter àti Qt gbà lórí èyí, ètò Mac náà gbà á: òwú kan ṣoṣo ló ni fèrèsé. Àwọn tó ń tọ́jú matplotlib gan-an kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn pé irinṣẹ́ náà kò ní ààbò bí òwú méjì bá jọ ń lò ó. Bí o bá gbìyànjú láti ṣí fèrèsé rẹ̀ láti inú òwú mìíràn, yóò kìlọ̀ fún ọ pé ó ṣeé ṣe kí ó dà rú. Ẹ mọ ohun tí ètò orí WhatsApp yẹn ṣe sí ìkìlọ̀ náà? Ìlà kejì nínú rẹ̀ ni èyí tó pa gbogbo ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́. A rẹ́rìn-ín títí, kí ojú tó wá ro wá.

Èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé "ó ṣáà ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi", àti pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó já òrùlé ìsọ̀ wọlé kò lè sọ pé ọ̀nà lòun gbà. Ètò tó ń sáré lórí Windows ẹni tó kọ ọ́ lè kú fin-ín lórí Mac olùkọ́ tó fẹ́ gbà á wò, torí Mac kì í gba gbẹ̀rẹ́ rárá nínú ọ̀rọ̀ yìí: fèrèsé tí òwú àgbà kò ṣí, ètò yóò dópin níbẹ̀. Èyí tó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá nínú yàrá rẹ lè gan nígbà tó bá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìta. Àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ojú rere ni, torí wàá rí i, wàá sì tún un ṣe. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kì í fara hàn nígbà tí o bá ń wá a, òun ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tó wà nínú ètò náà gan-an. Ó ní àkójọ méjì: ọ̀kan fún àkókò, ọ̀kan fún bí ohùn ṣe ga sí. Òwú ẹ̀yìn á fi àkókò tuntun kún àkójọ kìíní, lẹ́yìn náà á fi ìwọ̀n ohùn tuntun kún èkejì. Àlàfo díẹ̀ wà láàárín kíkún méjèèjì. Bí òwú àgbà bá wá yàwòrán nínú àlàfo yẹn, yóò bá àkókò 500 àti ìwọ̀n ohùn 499. Matplotlib yóò kígbe pé gígùn wọn kò bára mu. Àlàfo náà kéré débi pé o lè dán ètò wò láàárọ̀ kí o má bọ́ sínú rẹ̀, kí o sì bọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án níwájú àwọn tó ń dán ọ wò.

Àwọn kan tó ti kàwé díẹ̀ sí i á ní Python ní títìpa kan, tí wọ́n ń pè ní GIL, tí kì í jẹ́ kí òwú méjì ṣiṣẹ́ Python ní ìṣẹ́jú kan náà, nítorí náà kí la ń pariwo sí? Wọ́n mọ orúkọ títìpa náà, wọn kò mọ ohun tó ń tì. Ohun tí GIL ń dáàbò bò ni ìfun Python fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìtumọ̀ ohun tí ìwọ kọ. Bí a kò bá yí i padà, Python máa ń ní kí òwú tó di títìpa mú yọ̀ǹda rẹ̀ fún òmíràn lẹ́yìn nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí a ń kọ ní ms 5. Kò ní í béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá o ti fi ìwọ̀n ohùn kún àkókò tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, títìpa náà ń lọ sílé: Python 3.13 tó jáde lọ́dún 2024 ti ní ẹ̀dà tí a ń dán wò tí kò ní GIL nínú mọ́. Ẹni tó gbé ilé rẹ̀ lé ògiri aládùúgbò, kí ló fẹ́ ṣe lọ́jọ́ tí aládùúgbò bá wó o?

Àwọn mìíràn wà tó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lo òwú ẹ̀yìn rárá. Wọ́n á ṣe ìyípo kan: gba ohùn, yàwòrán, dúró díẹ̀, gba ohùn, yàwòrán, dúró díẹ̀. Kì í dà rú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Máìkì tó ń gba ohùn ní ìwọ̀n 44,100 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń kó o wá ní ìdì 1,024, ń mú ìdì kan wá ní nǹkan bí ms 23, ìyẹn bí ìdì 43 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kọ̀ǹpútà àlòkù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa bá lo ms 70 láti tún odidi àwòrán yà, ìdì mẹ́ta ti dé kó tó yà á tán. Ibi ìdúró tó wà fún wọn ní ìwọ̀n. Bó bá kún, ohùn tó ń bọ̀ ṣòfò. Kò sí ẹni tó kígbe. PortAudio, tó ń gba ohùn fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ Python, máa ń fi àmì kan ránṣẹ́ pé nǹkan ti dà nù, ṣùgbọ́n èèyàn ní láti yẹ àmì náà wò, àwọn ètò wa kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó di ti àwa ọmọ Yorùbá. Bí ohun tí à ń yà bá jẹ́ ooru inú yàrá, tí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá sọnù, ta ló bìkítà? Ooru kì í yí padà láàárín àkókò yẹn. Ohùn Yorùbá ń yí padà. Nínú ọ̀rọ̀ tí a yára sọ, odidi sílébù kan lè wá kó sì lọ kí ms 200 tó pé. Ní èdè tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti jẹ́ nǹkan mẹ́rin tí kò tan mọ́ ara wọn, àlàfo ms 100 kì í ṣe àlàfo kékeré.

Ẹ wá wo ohun tí àwòrán ń ṣe sí àlàfo náà. Matplotlib kò mọ̀ pé nǹkan sọnù. Ohun tó mọ̀ ni pé ojú àmì kan wà níhìn-ín, ojú àmì kejì wà lọ́hùn-ún, yóò sì fa ìlà gbọọrọ láti ìhín dé ọ̀hún. Ká ní ẹnì kan sọ pé "ilé". Ohùn àárín ló wà lórí fáwẹ̀lì kìíní, ohùn òkè ló wà lórí èkejì. Bí ìparí "i" àti ìbẹ̀rẹ̀ "é" bá ṣòfò, ìlà tí a ó rí ni èyí tó rọra gun òkè bí ẹni ń gun àkàbà. Ẹni tó bá sì ti ka fonọ́lọ́jì díẹ̀ yóò fò sókè, yóò ní ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè rèé! Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́.

Ohun tó sì mú kí irọ́ yìí léwu ni pé ó jọ òótọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ wà nínú èdè wa: ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ó tó gòkè, bíi ti "ìwé" àti "ọ̀rẹ́"; ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ohùn òkè sì máa ń yọ̀ sílẹ̀, bíi ti "rárà". Connell àti Ladd ti wọn ohùn Yorùbá dáadáa láti ọdún 1990, wọ́n sì fi hàn pé bí àwọn ohùn ṣe ń nípa lórí ara wọn kì í ṣe ohun tí a lè fojú lásán sọ. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ibi tí ìlà ti dagun ni ẹ̀rí. Bí ètò bá wá ń dá ìdagun sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ni olùwádìí ń wádìí? Àwọn ètò kan tilẹ̀ burú ju èyí lọ: wọn kì í lo àkókò gidi rárá, iye ìdì tí wọ́n rí gbà ni wọ́n ń kà. Bí ìdì bá sọnù níbẹ̀, àlàfo kò ní í hàn rárá, ọ̀rọ̀ á kàn kúrú ni, bí aṣọ tí wọ́n gé láàárín tí wọ́n sì rán padà.

(Níwọ̀n ìgbà tí a ti débẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ so ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ òsì àwòrán mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó máa na ara rẹ̀ bí ohùn ṣe ń wọlé, ohùn àárín tó tẹ́jú pẹrẹsẹ á máa fò bí ọmọ ewúrẹ́.)

Ẹnì kan nínú kíláàsì wa lọ sí abúlé kan láti gba oríkì ìdílé kan sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan. Ètò tí ọ̀gá kan fún un pé kó lò, tó sì fọwọ́ sọ̀yà fún un pé ó ti yè kooro, ni èyí tí à ń wí yìí. Màmá náà kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń rí ní ojoojúmọ́. Ọmọ rẹ̀ ló bá a bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà. Ó ki oríkì náà láìdánudúró fún ìwọ̀n ogójì ìṣẹ́jú. Àwòrán ń lọ, gbogbo ará ilé rọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, inú màmá ń dùn bó ṣe ń rí ohùn ara rẹ̀. Nígbà tó yá, fèrèsé gan. Kò lọ, kò bọ̀. Ètò náà kò tíì kọ nǹkan kan sí inú dísíìkì, torí inú iyè kọ̀ǹpútà ni ó ń kó ohùn sí, pẹ̀lú èrò pé nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì ìparí ni yóò kó o pamọ́. Bọ́tìnnì ìparí sì wà nínú fèrèsé tó ti gan. Àtúnkì wà, wọ́n ní kí màmá tún un kì. Ó ní oríkì kì í ṣe orin rédíò.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí a ń béèrè kò tilẹ̀ kan àwòrán. Ohùn ni onílé, àwòrán ni àlejò. Bí ohùn bá ṣe ń ti máìkì bọ̀ ni kí wọ́n ti máa kọ ọ́ sínú fáìlì, kí ẹnikẹ́ni tó yàwòrán rẹ̀. Wákàtí kan ohùn, ní ìwọ̀n 44,100 àti báìtì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ nǹkan bíi MB 318. Fóònù tó kéré jù lọ lọ́wọ́ wa lè gbà á. Bí kọ̀ǹpútà bá ń falẹ̀, kí ó jẹ́ àwòrán ni yóò fo ìgbésẹ̀. Àwòrán tó fo ìgbésẹ̀ kan kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohùn tó fo ìgbésẹ̀ kan ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tó tọ́ kò le rárá, ohun tó sì bí wa nínú jù lọ nìyẹn. Òwú ẹ̀yìn á gba ohùn, á kọ ọ́ sí fáìlì, á ṣírò ìwọ̀n ohùn, á sì fi àkókò àti ìwọ̀n náà pa pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdì kan ṣoṣo, sínú agbọ̀n. Python ti hun agbọ̀n náà sílẹ̀ fún wa: queue lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì hun ún kí òwú púpọ̀ lè jọ lò ó láìforígbárí. Iṣẹ́ òwú ẹ̀yìn parí síbẹ̀. Kò mọ fèrèsé, kò mọ àwọ̀ ìlà, kò mọ nǹkan kan. Ní ti òwú àgbà, á sọ fún Tkinter pé kó máa pe òun ní ms 40 sí ms 40, root.after ni wọ́n ń lò fún èyí. Bí wọ́n bá ti pè é, á kó gbogbo ohun tó wà nínú agbọ̀n láìdúró de èyí tí kò tíì dé, á fi wọ́n kún àkójọ tí òun nìkan ń fọwọ́ kàn, á yí ìlà tó ti wà tẹ́lẹ̀ padà pẹ̀lú set_data dípò kó pa gbogbo àwòrán rẹ́ kó tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì ní kí wọ́n yà á nígbà tí àyè bá wà. Ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn, ó sì tó fún ojú ènìyàn. Ibi tí ohùn kò bá sí, tàbí tí ìdì ti sọnù, kí ó fi NaN síbẹ̀. Matplotlib á já ìlà níbẹ̀, òǹwòran á sì rí i pé àlàfo ni àlàfo. Àwọn tó ń lo Qt ní àmì ìránṣẹ́ tiwọn tó ń ṣe iṣẹ́ agbọ̀n yìí. Àwọn tí kò fẹ́ kọ́ Tkinter, FuncAnimation inú matplotlib fúnra rẹ̀ ní aago tó ń pe òwú àgbà.

Kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Irinṣẹ́ sounddevice, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gba ohùn, ní àpẹẹrẹ kan láàárín àwọn àpẹẹrẹ tirẹ̀ tó ń ya ohùn máìkì lójú ẹsẹ̀. Queue ló wà nínú rẹ̀, FuncAnimation ló sì ń kó ohun tó wà nínú queue náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ètò orí WhatsApp yẹn fi omi tó mọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ ń gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá.

A mọ àwọn tí yóò sọ pé kí ló kàn wá, pé Yorùbá la wá kọ́, kí a fi èyí sílẹ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ ọ̀hún tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn wá, pàápàá tó bá ti ẹnu àwọn tiwa jáde. Praat, tí kò sí àpilẹ̀kọ fònẹ́tíìkì kan láàárín wa tí kò lò ó, ta ló kọ ọ́? Paul Boersma àti David Weenink ni, àwọn onímọ̀ fònẹ́tíìkì ní Yunifásítì Amsterdam. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ wọn. Matplotlib fúnra rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2003, John Hunter ló kọ ọ́, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tó ń fẹ́ ohun tí yóò fi wo àmì tó ń jáde láti inú ọpọlọ àwọn tó ní wárápá. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń wádìí ló mọ̀, ó sì mọ irú irọ́ tí àwòrán búburú lè pa fún un. Ará ìsàlẹ̀ ọ̀hún lè kọ ètò tó ń sáré ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n kò ní í mọ̀ pé ìdagun tó wà lórí "ilé" kò yẹ kó wà níbẹ̀. Àwa ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀bi kò sì sí lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Àwọn tó ń gba iṣẹ́ wọ̀nyí wò ń fi máàkì fún àwòrán tó ń jó. A ti wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gbé ètò rẹ̀ síwájú, tí ìlà ń lọ tó ń bọ̀ ní àwọ̀ mẹ́ta, tí gbogbo ìjókòó ń pàtẹ́wọ́, tí kò sì sí ẹnì kan tó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ìdì mélòó ló sọnù? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀wọ̀ yín kò dín kù lójú wa, ṣùgbọ́n ẹ máa béèrè. Kí ètò máa ka iye ìdì tó bọ́, kí ó sì kọ ọ́ sí igun àwòrán. Bó bá jẹ́ òdo, ẹ pàtẹ́wọ́. Bí kò bá jẹ́ òdo, akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣì lè gba máàkì rẹ̀, torí ó sọ òótọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní London àti Houston, tí ẹ ń ṣe irú ètò yìí fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tiyín tún gba ìṣọ́ra jù. Ọmọ ọdún méje tó ń kọ́ bí a ṣe ń pe "igbá" àti "ìgbà" kò ní ohùn létí tó lè fi bá àwòrán jiyàn. Ohun tí ìlà bá sọ ni yóò gbà. Bí ìlà bá sì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì nítorí òwú àgbà ń bá òwú ẹ̀yìn jà, ọmọ náà á ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ìlà ọ̀rọ̀ àná ni yóò sì máa wò fún ọ̀rọ̀ òní.

A ti tún ètò orí WhatsApp náà kọ. Ó kúrú ju ti àtijọ́ lọ, ìlà tó pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́, orúkọ wa sì wà lórí rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bú wa lè mọ ẹni tó máa bú. Ẹni tó bá ṣì gbà pé ọ̀nà àtijọ́ dára, kí ó gbé tirẹ̀ wá sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta máa wà níbẹ̀, Windows, Mac àti Linux. A ó tan tirẹ̀ àti tiwa lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí kan gbáko, ẹnì kan á máa kàwé sí máìkì, a ó sì máa fa fèrèsé méjèèjì káàkiri ojú kọ̀ǹpútà títí aago yóò fi lù.